Omi Iyọ̀ Lẹ́yìnkùlé

Lọ́sẹ̀ méjì-méjì mo ń wọkọ̀ láti Ìbàdàn wá sí Ìsarà,
àpò irinṣẹ́ Bàbá lórí itan mi:
púláyà tí rọ́bà ọwọ́ rẹ̀ ti bó,
tẹ́sítà tí ojú rẹ̀ ń pọ́n bí ojú aláìsùn,
àti ìwé pélébé kan tí gíríìsì ti mu dé ẹ̀yìn.

Kò sí àdúrà nínú ìwé náà. Kò sí ó dìgbóṣe.
"Bí pọ́ǹpù bá ń kùn tí omi ò gòkè, pa á. Má dúró wò ó."
"Ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀: wákàtí ni kí o kà, má ka oṣù."
"Bátìrì ínfátà ń mu omi, kì í mu omi kànga."
Bí Odùbọ́tẹ̀ oníná ṣe ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn
láti ibi tí wáyà kankan ò dé.

Màmá fi owó gbánja mọ ilé yìí,
Bàbá fi wáyà rán an, yàrá mọ́ yàrá.
Ní báyìí Màmá ń dá gbé inú rẹ̀,
abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ rẹ̀ wà nínú firíìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja tútù.
Ẹ má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ afẹ́ ni iná.
Bí Nẹ́pà bá mú un lọ fún ọjọ́ mẹ́ta,
èmi ni kì í sùn ní Ìbàdàn.

Lónìí bọ́ọ̀lù inú táǹkì ti rì;
omi ti ń ṣàn bá ògiri láti ọjọ́ tí ẹnìkan ò mọ̀,
ògiri ti hu irùngbọ̀n aláwọ̀ ewé.
Mo gun àkàbà. Màmá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú,
ó ń kígbe, "Adékúnbi, ọmọ obìnrin mà ni ọ́!"
Mo ní, "Táǹkì ò béèrè."

Jàmíù tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe wá láti Òde Rẹ́mọ,
ó tú kábúrétọ̀, ó fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, ó ń súfèé,
ó sì fẹ́ rọra fi pọ́lọ́ọ̀gì àlòkù rọ́pò tuntun tí mo rà.
Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ìwé lọ́wọ́ mi.
Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ tuntun lápò padà.

Ó wá ku ojú ìwé tó kẹ́yìn:
"Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan: omi garawa kan,
iyọ̀ ìkúnwọ́ méjì, sí ìdí ọ̀pá lẹ́yìnkùlé."
Kò ṣàlàyé.

Ọ̀pá bàbà tí Bàbá rì mọ́lẹ̀ ni, èédú ló fi yí i ká,
ṣùgbọ́n àdúgbò ní nǹkan ń bẹ níbẹ̀ tó ń jẹ iyọ̀.
Àbúrò Màmá kì í gba ibẹ̀ kọjá bí ilẹ̀ bá ti ṣú.
Èmi náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo máa ń di ojú
bí wọ́n bá ní kí n lọ ká aṣọ lórí okùn.

Jàmíù ló rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó:
"Ẹ́ẹ̀tì mà ni! Ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná.
Bí iná bá ṣìnà nínú ilé, bí àrá bá sán,
ilẹ̀ tútù ló ń gbà á, kó má baà gba ara èèyàn."

Mo bi Màmá: ṣé Bàbá ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ ni?
Ó ń bó ẹ̀gúsí; kò gbójú sókè.
"Ó mọ̀. Ilé mẹ́rin ni olè fọ́ ládùúgbò yìí lọ́dún kan náà.
Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n yà."

Mo po iyọ̀ mọ́ omi. Ilẹ̀ mu ún pẹ̀lú ariwo kékeré,
bí ẹni tí òǹgbẹ ti ń gbẹ láti ọdún ìsìnkú.
Nínú ilé firíìjì gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.
Mo gbójú sókè: ọmọ aládùúgbò kan lórí ọgbà,
ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú rẹ̀ lára garawa.
Ó bẹ́ sílẹ̀, ó sá lọ, ó ń pe ìyá rẹ̀.

N kò pè é padà.